Ohun Tó Di Ewéko Mú

Iṣu ni màmá mi ń tà. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí kò ní fèrèsé, ibẹ̀ la máa ń kó iṣu sí tí a bá ti rà á lọ́pọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin, iṣu inú yàrá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í hù, màmá mi á sì ní kí n wọlé lọ ṣẹ́ èhù kúrò lára wọn, torí oníbàárà kì í fẹ́ fi owó gidi ra iṣu tó ti hù. Ìtàkùn funfun ni mo máa ń bá níbẹ̀. Ó gùn ju apá mi lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọ̀ débi pé bí ọwọ́ bá kàn án, ó ti ṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣeé pè ní ewé lára rẹ̀, àfi ohun bíńtín kan níbí àti òmíràn lọ́hùn-ún, tó lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ́ wọlé, ni gbogbo wọn kọjú sí. Màmá mi á ní, "Ṣẹ́ ẹ kíákíá jàre, iṣu yìí ti ń wá ọ̀nà oko lọ."

Bẹ́ẹ̀ iṣu tí a gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, tó wá láti inú ẹrù kan náà, ìtàkùn tirẹ̀ nípọn, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì tutù yọ̀yọ̀. Kí ló sọ fún ti inú òkùnkùn pé kó máa sáré, kó fi ọ̀rọ̀ ewé sílẹ̀ ná?

Ní sẹ́kọ́ńdìrì, họ́mónù ni ìdáhùn tí wọ́n fún wa. Auxin ń mú kí ewéko ga, gibberellin ń mú kí èso hù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ó máa ń jáde nínú WAEC. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì jáde lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa, èèyàn á rò pé ńṣe ni họ́mónù dúró lẹ́yìn ewéko tó ń tì í síwájú. Ìgbà tí mo dé yunifásítì, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ni mo tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ pátápátá. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kò wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìrìn. Ẹni tí yóò tú okùn ló ń wò lójú. Bí sẹ́ẹ̀lì ewéko ṣe rí nìyẹn. Agbára àtidàgbà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun kan ló dì í mú, iṣẹ́ họ́mónù tàbí ìmọ́lẹ̀ kò sì ju kó mú ohun tó dì í mú náà kúrò lọ.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tó ti pẹ́ tó ti kúrò ní kíláàsì bàọ́lọ́jì. Inú DNA ni gbogbo ìlànà sẹ́ẹ̀lì wà. Sẹ́ẹ̀lì máa ń da apá tó bá fẹ́ lò kọ sínú RNA, RNA yìí ni wọ́n máa ń kà láti fi ṣe purotéènì, purotéènì ló sì ń ṣiṣẹ́ gan-an. Torí náà, ọ̀nà méjì wà láti dá iṣẹ́ kan dúró láìfọwọ́ kan DNA: kí wọ́n gé RNA rẹ̀ kó tó di purotéènì, tàbí kí wọ́n pa purotéènì náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán. Ewéko ń lo méjèèjì ní àlòtúnlò.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú òkùnkùn. Koríko kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arabidopsis thaliana. Kò ṣeé fi se ọbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò rà á lọ́jà, àmọ́ òun ni àwọn onímọ̀ jíìnì ewéko (jíìnì ni apá DNA tó ní ìlànà iṣẹ́ kan nínú) fi ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Òun ni ewéko àkọ́kọ́ tí wọ́n ka gbogbo DNA rẹ̀ tán, ní ọdún 2000. Tí èso rẹ̀ bá hù nínú òkùnkùn, ọ̀pá rẹ̀ á gùn gbọọrọ, á funfun, orí rẹ̀ á tẹ̀ wálẹ̀, ewé rẹ̀ á sì wà ní pípadé. Iye sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀pá yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ló ń na ara wọn.

Àwọn purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní PIF ló ń pàṣẹ nínà yẹn, wọ́n sì máa ń pọ̀ gan-an nínú òkùnkùn. Òmíràn wà tó ń jẹ́ HY5, òun ló ń sọ pé kí ọ̀pá má gùn mọ́, kí ewé ṣí, kó sì di àwọ̀ ewé. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú òkùnkùn náà ń ṣe HY5 o! Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe é ni purotéènì mìíràn, COP1, ń rí sí i pé wọ́n ń pa á. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti tàn, phytochrome tó ń gba ìmọ́lẹ̀ á wọ àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì lọ, níbi tí DNA wà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ PIF á ti pòórá, COP1 á jáwọ́, HY5 á sì rí ààyè. Kò sí ohun tuntun kan tí ìmọ́lẹ̀ gbé wọlé. Ẹni tí wọ́n ń pa ló yí padà.

Pípa tí mò ń wí yìí ní ètò. Wọ́n á so purotéènì kékeré kan tó ń jẹ́ ubiquitin mọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ pa lára, ọ̀kan lórí òmíràn, àmì ikú nìyẹn. Ibi tí wọ́n ń gbé èyí tó bá ti ní àmì lọ ni proteasome, ohun kan tó rí róbótó bí àgbá, tó ṣófo nínú, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń já a sí wẹ́wẹ́. Aaron Ciechanover, Avram Hershko àti Irwin Rose gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lórí iṣẹ́ ubiquitin ní 2004. Àwa èèyàn náà ní ètò yìí, àmọ́ ti ewéko kọjá bẹ́ẹ̀. Lára àwọn tó ń yan ẹni tí wọ́n máa fi àmì sí ni ìdílé purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní F-box. Èèyàn ní nǹkan bí 70 irú rẹ̀. Arabidopsis, koríko tí kò ga tó ìgbọ̀nwọ́ èèyàn, ní nǹkan bí 700.

Ìtàn gibberellin ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní 1926, Eiichi Kurosawa, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Taiwan, ń wá ìdí àrùn kan tó ń bá ìrẹsì jà. Ìrẹsì tó bá kó àrùn náà á ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì, á pọ́n, kò ní lókun, á sì ṣubú láìso èso kan gidi. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kurosawa sẹ́ omi tí fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ti hù nínú rẹ̀ títí kò fi sí fọ́ńgọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀ mọ́, ó wá fi omi yẹn sí ìrẹsì tó lera. Ìrẹsì tó lera náà bẹ̀rẹ̀ sí í ga gbọọrọ. Teijiro Yabuta ló sọ ohun tó wà nínú omi náà ní gibberellin ní 1935, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n tó mọ̀ pé ewéko fúnra rẹ̀ ń ṣe é, láìsí àrùn kankan.

Ọ̀nà wo ni gibberellin wá ń gbà ṣiṣẹ́? Àwọn purotéènì kan wà tó ń jẹ́ DELLA. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n rọ̀ mọ́ àwọn tó ń pàṣẹ ìdàgbàsókè, títí kan àwọn PIF tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè, kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ní 2005, Miyako Ueguchi-Tanaka, Makoto Matsuoka àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé purotéènì kan nínú ìrẹsì, GID1, ló ń gba gibberellin mọ́ra. Tó bá ti gbà á mọ́ra, á gbá DELLA mú, wọ́n á fi àmì ikú sí DELLA, ó di inú àgbá. Fọ́ńgọ́ọ̀sì Kurosawa kò kọ́ ìrẹsì ní gíga rárá. Ó kàn da gibberellin lé e lórí títí DELLA fi tán lára rẹ̀ ni.

Ibi tó ti kàn wá lórí tábìlì oúnjẹ nìyí. Àlìkámà àtijọ́ ga. Tí àgbẹ̀ bá fi ajílẹ̀ sí i dáadáa, orí rẹ̀ á wúwo, atẹ́gùn á fẹ́, á dùbúlẹ̀, irè á bàjẹ́. Ní Japan, wọ́n ní àlìkámà kúkúrú kan, Norin 10, tí wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Norman Borlaug fi ìran rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Mexico, àwọn àlìkámà kúkúrú tó ti ibẹ̀ jáde sì dé Íńdíà àti Pakistan láàárín ọdún 1960 sí 1970. Wọn kì í ṣubú, wọ́n sì ń so wọ̀ǹtìwọnti. Ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ni wọ́n fún Borlaug ní 1970. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí àlìkámà náà fi kúrú nígbà yẹn. Ní 1999 ni Nicholas Harberd, Jinrong Peng àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Norwich, ní Ìlú Ọba, rí i: DELLA ni. Ti àlìkámà kúkúrú yìí ti pàdánù ibi tí wọ́n ti ń gbá a mú láti pa á. Gibberellin ń pariwo, DELLA kò mira.

Lójú tèmi, kò tíì sí purotéènì mìíràn tó fi oríkunkun bọ́ èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì IR8 tó jáde ní Philippines ní 1966 gba ọ̀nà mìíràn dé ibì kan náà: kò lè ṣe gibberellin tó pọ̀, torí náà DELLA rẹ̀ wà láàyè, òun náà sì kúrú.

Bí auxin náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ní 2005 ni ilé ìwádìí méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Ìlú Ọba, fi hàn pé TIR1, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn F-box, ló ń gbà á. Nígbà tí wọ́n wá ya àwòrán rẹ̀ ní 2007, wọ́n rí i pé auxin kàn há sáàárín TIR1 àti purotéènì tó fẹ́ pa ni, tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ gírígírí. Àwọn tí wọ́n ń pa yìí, Aux/IAA, ẹ̀mí wọn kúrú gan-an. Òmíràn kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ogún lọ. Ó ti ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́ pé kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì á fi máa náwó ṣe ohun tó máa pa láìpẹ́. Ohun tó dá mi lóhùn ni pé ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n sì ń pa lójoojúmọ́ ló ṣeé yí padà kíá. Tí oòrùn bá yí, tí igi mìíràn bá bo ewéko lórí, kò ní láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Á kàn dín pípa kù tàbí kó fi kún un.

Ọ̀rọ̀ RNA ló kù, òdòdó ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1990, Carolyn Napoli, Christine Lemieux àti Richard Jorgensen ní Amẹ́ríkà kéde ohun tí ojú wọn rí nídìí petunia, òdòdó tí àwọn òyìnbó máa ń gbìn síwájú ilé. Àwọ̀ àlùkò rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó jinlẹ̀ sí i, wọ́n wá fi ẹ̀dà kan sí i lára jíìnì tó ń ṣe àwọ̀ náà. Òdòdó náà yọ. Òmíràn funfun báláú! Òmíràn ní abala funfun àti àlùkò. Jíìnì tuntun náà kò ṣiṣẹ́, ó sì tún pa ti àtijọ́ lẹ́nu mọ́. Wọ́n kọ ọ́ síta bí wọ́n ṣe rí i. Andrew Fire àti Craig Mello rí ohun tó jọ ọ́ nínú aràn kékeré kan ní 1998, àwọn ló sì gba Nobel ní 2006. Ní 1999, Andrew Hamilton àti David Baulcombe ní Norwich rí RNA kúkúrú tó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ewéko. Mi ò ní kọ́ ìgbìmọ̀ Nobel níṣẹ́ wọn, àmọ́ ó dùn mí pé kò sí ẹni tó ń fi ewéko ṣiṣẹ́ lára àwọn tí wọ́n pè.

Ohun tó pa àwọ̀ petunia ni ewéko fi ń gbẹ́ ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà kọ ni RNA rí. Ewéko ń ṣe àwọn RNA kékeré tí kò gùn ju lẹ́tà 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Wọn kì í ṣe purotéènì kankan. RNA ńlá tí lẹ́tà rẹ̀ bá tiwọn mu ni wọ́n ń wá kiri, tí wọ́n bá rí i, purotéènì tó ń gbé wọn á gé e sí méjì.

Ẹ já ewé kan, ì báà jẹ́ ti ẹ̀gẹ́ tàbí ti ẹ̀fọ́, kí ẹ wo ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì, iṣan rẹ̀ sì yọ síta tí ọwọ́ lè fọwọ́ bà. Láti ìgbà tí ewé náà ti kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni RNA kékeré kan, miR166, ti kóra jọ sí ìhà ẹ̀yìn, ó ń gé ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé "ojú ewé ni kí o jẹ́" níbikíbi tó bá ti rí i. Tí lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà bá yí padà tí miR166 kò dá a mọ̀ mọ́, ewé á ní ojú níwá lẹ́yìn, kò sì ní lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ńṣe ló máa ká jọ. Òmíràn, miR156, máa ń pọ̀ nínú ewéko tó ṣì kéré, òun ni kì í jẹ́ kó dàgbà ṣáájú àkókò. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ó ń dín kù, àwọn tó ti ń gé lára wọn á sì gbérí. Ní 2010, wọ́n rí i pé àwọn ìrẹsì kan tí ẹ̀ka wọn kéré, tí igi wọn le, tí orí wọn sì ń so ju ti àwọn yòókù lọ, jẹ́ èyí tí lẹ́tà kan ṣoṣo ti yí padà ní ibi tí miR156 yẹ kó ti gé RNA wọn.

Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀gẹ́ mọ bí ewé ṣe ń rí tí àrùn mosaic bá mú un: ó ní tótòtó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó lọ́, ó kéré, apá kan ń fà síbí, apá kan ń fà sọ́hùn-ún. Fáírọ́ọ̀sì tí eṣinṣin funfun ń gbé kiri ló ń fà á. Ẹ̀gẹ́ máa ń fi RNA kékeré bá fáírọ́ọ̀sì yìí jà, á máa gé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì náà mọ̀. Ó ní purotéènì kan, AC4, tó ń gbá àwọn RNA kékeré mú kí wọ́n má bàa ṣiṣẹ́, kì í sì í yan èyí tó ń bá a jà nìkan. Ó ń mú èyí tó ń gbẹ́ ewé náà pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n fi AC4 nìkan, láìsí fáírọ́ọ̀sì, sínú Arabidopsis, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Láti ìgbà tí mo ti ka ìyẹn, mi ò lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ tó ní àrùn kí n má dúró wò ó.

Ohun kan wà tí wọ́n fi àádọ́rin ọdún wá, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá RNA ni tàbí purotéènì. Ní 1936 sí 1937, Mikhail Chailakhyan, onímọ̀ ewéko ní Soviet, sọ pé ewé ló ń mọ̀ bí ọ̀sán ṣe gùn tó, àmọ́ téńté orí ewéko ni òdòdó ti ń yọ, torí náà ohun kan gbọ́dọ̀ máa rin ìrìn-àjò láti ewé lọ síbẹ̀. Ó pè é ní florigen. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ní 2005, ìwé kan jáde nínú Science, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́: RNA jíìnì kan tó ń jẹ́ FT ni. Ayọ̀ ńlá ni. Ní 2007, wọ́n fa ìwé náà padà. Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ George Coupland ní Jámánì àti ti Ko Shimamoto ní Japan fi hàn pé purotéènì FT fúnra rẹ̀ ló ń rin ìrìn náà. Ìbátan rẹ̀ kan ló sì ń sọ fún ànàmọ́ òyìnbó pé àkókò tó láti ta sábẹ́ ilẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ tiwa náà ní FT, ó sì ti dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe irú ẹ̀gẹ́ tuntun nílò òdòdó, kó lè fi akọ ti ibí bá abo ti ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀gẹ́ kan wà tí kì í fẹ́ yọ òdòdó, tàbí tí wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Irú kan lè yọ òdòdó dáadáa ní Ubiaja ní ìpínlẹ̀ Edo, kó má sì rí bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ti ń tan iná pupa sí ẹ̀gẹ́ lóru, kó lè máa rò pé ọ̀sán gùn, kí òdòdó sì tètè yọ. Àmọ́ ibi tí òdòdó bá ti yọ lórí ẹ̀gẹ́ ni igi rẹ̀ máa ń pín sí ẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò fẹ́ ẹ̀gẹ́ tó ń yà kiri, torí ó ṣòro láti wọ àárín rẹ̀ ro, igi rẹ̀ kì í sì í gùn gbọọrọ tó láti gé fún gbígbìn. Èyí tó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń yàn láti ọdún mọ́dún, tí wọ́n sì ń fún aládùúgbò. Ìyẹn ni pé èyí tí òdòdó rẹ̀ kì í tètè yọ ni wọ́n ti ń yàn láìmọ̀, òun náà ló sì wá ń fún àwọn onímọ̀ ní iṣẹ́ iná títàn lóru.